Ọnọ́rébù Oyèlékè àti Àǹfààní Tíńtẹ́ẹ̀dì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé èmi kò bá gíláàsì dúdú ní gbólóhùn asọ̀. Oòrùn Ọ̀yọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì ní mọ́tò tó fẹ́ fi nǹkan dí ojú oòrùn kò ṣẹ ará ilé, kò ṣẹ ará oko. Ẹni tí mo ní kí ẹ bá mi wò ni Ọnọ́rébù Múrítàlá Oyèlékè, nítorí òun nìkan ni mo mọ̀ tó kó odidi ìlú jọ kí wọ́n wá bá a dúpẹ́ pé ó lẹ tíńtẹ́ẹ̀dì mọ́ mọ́tò.

Ọnọ́rébù yìí ni Alága Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe Ọ̀yọ́ òun Ògbómọ̀ṣọ́ fún Ìmọ́tótó Ọjà àti Ìdáàbòbò Ìwà Ọmọlúàbí. Bí ẹ bá pe oyè náà ní àbọ̀, kò ní dá yín lóhùn. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kò ju pé kí wọ́n rí i pé ọjà di gbígbá lọ, ṣùgbọ́n ṣé Ọnọ́rébù á wá máa sọ láwùjọ pé ilẹ̀ gbígbá ni òun ń bójú tó? Ọ̀yọ́ ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé rẹ̀ wà, ojú ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì ló sì ti ń ṣiṣẹ́ jù, bí a bá lè pe fífun fèrè mọ́tò ní iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ tíńtẹ́ẹ̀dì náà tán, wọ́n ta kánópì sí ìtòsí Ọjà Akẹ̀sán, wọ́n to àga, wọ́n sì fi aṣọ funfun bo jíìpù náà lórí bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀. Israfil, agbẹnusọ Ọnọ́rébù, ló di máíkì mú. Ohùn Israfil dùn, kò sì sí ohun tí kò lè fi yin ọ̀gá rẹ̀. Bí Ọnọ́rébù bá sín, Israfil á ní atẹ́gùn àlàáfíà ló fẹ́ sí ìlú.

"Ẹ̀yin èèyàn Ọ̀yọ́!" ni Israfil kígbe. "Àjísebí Ọ̀yọ́ là á rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kankan! Lónìí, àwọn ìlú tó kù tún ti rí ohun tuntun tí wọ́n máa wò kọ́ṣe. Baba wa, àdììtú olóyè, òkè tí oòrùn ń wò tí ojú ń tì í, wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀!"

Ọnọ́rébù dìde. Ó fa agbádá sí èjìká ọ̀tún, ó fà á sí ti òsì, ó tún dá ti ọ̀tún padà. Ó wúkọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ikọ́ náà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "àǹfààní tíńtẹ́ẹ̀dì, bí mo bá ní kí n máa kà á, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa síbí. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ara. Àwọn dókítà ní oòrùn ń ba awọ ara jẹ́. Awọ ta ni ó ń bà jẹ́? Awọ aṣáájú! Bí awọ aṣáájú bá wá bàjẹ́, kí ni ọmọ ẹ̀yìn á máa wò? Àga inú mọ́tò yìí náà, awọ ni, oòrùn ì bá ti là á pẹrẹwu. Bí inú mọ́tò bá sì tutù, éèsì ò ní ṣe wàhálà púpọ̀, epo ò ní tètè tán, owó ìlú ò ní ṣòfò. Ṣé ẹ rí i báyìí pé nítorí yín ni? Olè ò ní mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀tá ò ní mọ ibi tí mo kọjú sí. Àti pé, bí mo bá ń sunkún nínú mọ́tò nítorí ìyà tó ń jẹ yín, ẹ ò ní rí omijé mi, ọkàn yín ò sì ní bàjẹ́. Ìfẹ́ nìyẹn!"

Wọ́n ṣí aṣọ lórí jíìpù. Tíńtẹ́ẹ̀dì náà kì í tilẹ̀ ṣe dúdú lásán, oníjígí ni. Ẹni tó bá dúró síta, ojú ara rẹ̀ ni yóò máa rí nínú gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sínú yóò máa rí gbogbo ayé. Bàbá arúgbó kan tó jókòó síwájú na ọwọ́ sókè.

"Ọnọ́rébù, ẹ kú orí ire o. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ wà nínú ẹ̀, ká tó kí yín?"

"Ẹ ṣáà ti máa kí mọ́tò, Bàbá," ni Ọnọ́rébù dáhùn. "Ẹni tó bá kí mọ́tò, èmi ló kí."

Bàbá náà wo mọ́tò, ó wo Ọnọ́rébù, ó ní kò burú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn Ọ̀yọ́, tí wọ́n ní ìkíni fún ẹni tó ń wẹ̀ àti ẹni tó ń gé irun, ti ń dọ̀bálẹ̀ fún táyà mẹ́rin. Ọnọ́rébù kì í sọ gíláàsì kalẹ̀ dáhùn. Saifudeen, awakọ̀ rẹ̀, ló ń bá a dáhùn pẹ̀lú fèrè. Ọmọdé gba ẹyọ kan, àgbà gba méjì. Ìgbà tó bá wá di dandan kí Ọnọ́rébù sọ̀rọ̀, ó ti ní kí wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan mọ́ orí mọ́tò, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á ti máa bú jáde bí ẹni pé láti ọ̀run ni.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Inú mọ́tò náà ṣókùnkùn débi pé Ọnọ́rébù kò rí ìwé ìròyìn kà mọ́, lọ́jọ́ kan ó tilẹ̀ wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún dé òde ìkómọ. Ẹlòmíràn ì bá ní kí wọ́n ṣí díẹ̀ kúrò nínú tíńtẹ́ẹ̀dì náà. Ọnọ́rébù ní kí wọ́n fi iná sí i. Wọ́n to gílóòbù funfun sí òrùlé mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí wọ́n bá sì tàn án, inú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta góòlù. Ó fi owó ìlú ra òkùnkùn, ó tún fi owó ìlú ra ìmọ́lẹ̀.

Ayé wá dùn. Bí jíìpù bá dúró lẹ́bàá Akẹ̀sán, kò ní pẹ́ tí obìnrin kan á fi dúró síwájú gíláàsì, á tún gèlè rẹ̀ wé. Ọkùnrin kan á dúró, á la ẹnu gbàǹgbà, á yọ ẹran tó há sí i léyín. Gbogbo wọn ń wo dígí ọ̀fẹ́. Ọnọ́rébù, tó jókòó sínú tó ń wò wọ́n, gbà pé ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n.

"Saifudeen, o ò rí bí wọ́n ṣe ń tẹjú mọ́ mi? Wọn ò fẹ́ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Saifudeen ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ti rí i pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló ń bọ́ wọn.

Ohun kan péré ló wá kù tí Ọnọ́rébù ń fẹ́ láyé, ohun náà ni láwàní. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn fẹ́ fi í jẹ Baba Àdínì. Ẹni tó bá jẹ Baba Àdínì, àga iwájú ni tirẹ̀ títí láé, kò sì sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó máa fojú fò ó dá nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa ṣe alága káńsù. Ọnọ́rébù kò sùn dáadáa mọ́ nítorí láwàní yìí. Ó ti ń fi aṣọ ìnura wé orí wò nínú yàrá.

Ṣùgbọ́n Baba Ìmáàmù, àgbàlagbà tí kì í pariwo, ní àwọn kò kánjú. "Rámádáànì ti wọlé dé," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wé e fún un nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ pè ní baba ẹ̀sìn, ó yẹ kí ààwẹ̀ hàn lára rẹ̀."

Àánú Ọnọ́rébù ṣe mí níbi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí láti kékeré ni òun àti ebi kò ti gbọ́ra. Kò gbààwẹ̀ kan dé ọ̀sán rí láyé rẹ̀. Bí ó bá jẹ sààrì tán, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí oúnjẹ àárọ̀. Nígbà tí kò wá lè mú ebi kúrò, ó pinnu láti mú oúnjẹ kúrò lójú gbogbo ayé.

Òfin jáde láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń ta oúnjẹ sísè ní ọ̀sán Rámádáànì gbọ́dọ̀ fi aṣọ dúdú bò ó, kí ojú aláàwẹ̀ má baà rí i. Israfil pe òfin náà ní "tíńtẹ́ẹ̀dì oúnjẹ" lórí rédíò, ó ní irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn ọlọ́jà fi ọ̀rá dúdú bo ìsọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀rá, ó ń fa kànìnkànìn ìwẹ̀ yọ. Ìjà ń ṣẹlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ sì ń kó ọjà tí kò dúdú tó.

Báyìí ni ọwọ́ wọn ṣe tẹ Ìyá Dámisí. Aládúrà ni obìnrin yìí, mọ́ínmọ́ín ló sì ń sè nítòsí ibùdókọ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń ta á fún ẹni tí kò gbààwẹ̀ o. Àwọn mùsùlùmí gan-an ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣínu, ó sì máa ń gbé e sínú kúlà búlúù ńlá kan kí ó má baà tutù kí oòrùn tó wọ̀. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ, kúlà náà ló sì ń bọ́ òun àti ọmọ. Wọ́n gbé kúlà lọ síwájú jíìpù, ó sáré tẹ̀lé e, ó kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì. Ojú ara rẹ̀ ló ń rí bí ó ṣe ń bẹ̀bẹ̀.

"Ọnọ́rébù, ẹ dákun sà. Kúlà yìí ní ìdérí. Ta ló rí ohun tó wà nínú ẹ̀?"

"Òórùn ẹ̀ ń kọ́?" Ohùn náà bú láti orí mọ́tò. "Òórùn ò ní tíńtẹ́ẹ̀dì, Màmá! Ẹ ti fi imú ìlú sínú ewu. A ó gbé kúlà yìí lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí."

"Ìgbà wo ni mo máa rí i gbà, sà?"

"Nígbà tí ìwádìí bá parí."

Ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jáde nílùú. Ọnọ́rébù ní kí Saifudeen gbé kúlà sí ẹ̀yìn lọ́dọ̀ òun. Ó wádìí mọ́ínmọ́ín kan, ẹyin ló bá nínú rẹ̀. Ó wádìí òmíràn, ẹja ló bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá díjú, ó di dandan kí ìwádìí jinlẹ̀.

"Saifudeen, ṣé o ń gbọ́ òórùn kankan?"

Saifudeen, tó gbààwẹ̀, tí itọ́ ń dà sí ọ̀fun rẹ̀, tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Rárá, sà."

"O káre. Ààwẹ̀ rẹ á gbà."

Láti ọjọ́ náà, ìwádìí di ojoojúmọ́. Ìyá Dámisí wá abọ́ kan, ó sì fi aṣọ dúdú bò ó gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Àwọn òṣìṣẹ́ ní dúdú aṣọ náà ti ṣá. Wọ́n da mọ́ínmọ́ín sínú kúlà rẹ̀ tí wọ́n gbà lánàá, wọ́n gbé e lọ sínú jíìpù. Ó ra aṣọ tuntun, wọ́n ní ó kúrú. Ọnọ́rébù wá ń jẹ sààrì ní ìdájí, ó ń jẹ ẹ̀rí ní ọ̀sán, bí oòrùn bá sì wọ̀, á bá àwọn aláàwẹ̀ ṣínu pẹ̀lú omijé lójú. Kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò níbikíbi, á fi páúdà ra ètè kí ó lè dà bí èyí tó gbẹ. Ó sanra díẹ̀ nínú oṣù náà. Israfil ní ìmọ́lẹ̀ ìgbàgbọ́ ló ń wú u.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n yà sí ọ̀nà Ìrésà kí òun lè rí ibi tó dákẹ́ ṣèwádìí. Wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko rí jíìpù, wọ́n rò pé ìjọba ti wá wo ọ̀nà wọn tó bàjẹ́, ni wọ́n bá pe ara wọn jọ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n sọ ti àfárá tó já àti iṣu tó ń jẹrà nílé. Ọnọ́rébù ń jẹ lọ nínú. Nígbà tí wọ́n sọ tán, Saifudeen fun fèrè méjì, ó sì yí jíìpù padà. Ní ìrọ̀lẹ́, rédíò ní Ọnọ́rébù ti ṣe ìpàdé ọlọ́pọ̀ wákàtí pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Ìrésà, ó sì fetí sí wọn pẹ̀lú ẹnu tó gbẹ.

Ọjọ́ láwàní pé. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni wọ́n fi í sí, níta mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n lè gbọ́ wáàsí, kí wọ́n wé láwàní, kí gbogbo ènìyàn sì jọ ṣínu. Èrò pọ̀ bí omi. Ìyá Dámisí náà wá láti Ọ̀yọ́, ó jókòó sẹ́yìn. Mùjídàt, aládùúgbò rẹ̀ tó máa ń ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ rẹ̀, ló gbà á nímọ̀ràn. "Ẹ lọ bá a níbi láwàní," ni Mùjídàt sọ. "Kò ní lè lé yín dànù lójú àwọn àlùfáà. Kúlà yín á jáde." Nítorí kúlà nìkan ló ṣe wá, kò wá wo ìran.

Jíìpù dé, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán síwájú èrò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ̀kalẹ̀ àfi Saifudeen, tó lọ ṣe àlùwàlá. Ó ku díẹ̀ nínú ẹ̀rí ọjọ́ náà. Ọnọ́rébù rò ó pé wáàsí lè gùn, ìṣínu ṣì jìnnà, kò sì yẹ kí ikùn baba ẹ̀sìn máa kùn lábẹ́ láwàní. Ó ṣí kúlà.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ti ń kóra jọ láti àárọ̀. Bí Ọnọ́rébù ṣe tú ewé mọ́ínmọ́ín àkọ́kọ́, ìkùukùu dúdú gun orí ìlú, ojú ọjọ́ ṣú dùdù bí ẹni pé Màgáríbì ti wọlé. Inú mọ́tò wá ṣókùnkùn biribiri. Ọwọ́ Ọnọ́rébù kan nǹkan ṣóńṣó nínú mọ́ínmọ́ín, ó fura pé eegun ẹja ni. Ẹ̀rù bà á. Ìtìjú ńlá ni kí eegun há ẹni tí wọ́n fẹ́ wé láwàní fún lọ́fun ní ọ̀sán ààwẹ̀. Ó na ọwọ́ sí iwájú, ó tẹ nǹkan tó ti rí tí Saifudeen ń tẹ̀, gbogbo gílóòbù sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, gíláàsì oníjígí kò mọ ẹni tó ni ín. Ibi tó mọ́lẹ̀ ló máa ń fi han ẹni tó wà níbi tó ṣókùnkùn. Títí di ọjọ́ náà, ìta ló ń mọ́lẹ̀. Ní wákàtí yìí, ìta ti ṣú, inú ló mọ́lẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù góòlù, gbogbo èrò sì rí Ọnọ́rébù Múrítàlá Oyèlékè láti fìlà dé ìgbáròkó, kúlà búlúù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ewé ní ọwọ́ kan, mọ́ínmọ́ín ní ọwọ́ kejì.

Òun kò rí wọn. Gbogbo gíláàsì ti di dígí lójú tirẹ̀. Ọnọ́rébù ló rí lápá ọ̀tún, Ọnọ́rébù ló tún rí lápá òsì, ìran náà sì dùn mọ́ ọn púpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ti ọ̀tún. Ó gé mọ́ínmọ́ín, ó gbé ọrùn sókè, ó ń wo bí láwàní ṣe máa rí. Ká ní ó ronú láti wá ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ara rẹ̀ nínú gíláàsì náà, ó ṣeé ṣe kó fura.

Israfil di máíkì mú, ó kẹ́yìn sí jíìpù, ó kọjú sí èrò.

"Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo! Wọ́n ti dé o! Wọ́n ní kí ẹ mú sùúrù, wọ́n ń ṣe tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ nínú mọ́tò. Háà! Bó bá ṣe pé ẹ lè rí wọn nínú gíláàsì yẹn báyìí, ẹ̀ bá rí bí ètè wọn ṣe ń mì!"

Ètè náà ń mì lóòótọ́. Èrò ń wò ó.

"Ẹ̀ bá rí bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ sókè!"

Ọnọ́rébù gbé ọwọ́ sókè, ó ju èyí tó kù sẹ́nu.

"Ẹ̀ bá rí omijé lójú wọn!"

Ata ti mú Ọnọ́rébù díẹ̀. Ó nu ojú.

"Ṣé ẹ ń rí ohun tí mò ń rí?" ni ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Raliat bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mò ń rí i, Màmá. Ẹyin ló wà nínú èyí tó ń tú yẹn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyàlẹ́nu náà ti kọjá ẹ̀rín. A máa ń wí pé amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́. Lọ́jọ́ yìí, ti ọ̀run kò tilẹ̀ ní láti yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń bá a wò ó.

Ọnọ́rébù jẹun tán. Ó mu omi ọ̀rá kan, ó yọ páúdà, ó fi ra ètè níwájú dígí ńlá náà, gbogbo èrò sì ń wò bí ó ṣe ń rà á. Ó wá ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di ògiri mọ́tò mú bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ó rọra gba máíkì lọ́wọ́ Israfil.

"Ẹ̀yin ará," ló wí pẹ̀lú ohùn tínrín, "ẹ má bínú sí mi. Ebi òun òǹgbẹ kò jẹ́ kí n lè sáré. Láti ìdájí, nǹkan kan kò kan ètè yìí. Bí mo bá ṣubú lulẹ̀ níbí lónìí, ẹ sọ fún àwọn ọmọ mi pé orí ẹ̀sìn ni mo kú sí."

Ó dúró de àtẹ́wọ́. Baba Ìmáàmù dìde. Láwàní funfun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíká. Ó wo Ọnọ́rébù tìyanu-tìyanu, kò sì gba máíkì, nítorí ibi gbogbo ti dákẹ́ tó.

"Ọnọ́rébù," ni bàbá náà wí, "ẹ ò pè wá kẹ́ ẹ tó jẹun. Ṣùgbọ́n a ò ní torí ìyẹn gbàgbé ohun tí àwọn òbí wa kọ́ wa. Á gba ibi ire o."

"Á gba ibi ire o!" ni gbogbo èrò dáhùn, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ṣe ń wí i fún àgbà tó bá lórí oúnjẹ.

Ìgbà náà ni ẹ̀rín tó bú. Ọnọ́rébù wo ẹ̀yìn, ó rí jíìpù rẹ̀. Ó rí àga awọ. Ó rí ewé mọ́ínmọ́ín lórí àga, kúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àní ó rí èérún mọ́ínmọ́ín kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó Saifudeen. Ó ju máíkì sílẹ̀, ó sáré wọ inú mọ́tò, ó sì ti ilẹ̀kùn gbà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ nígbàkígbà tí ayé bá le.

Ṣùgbọ́n iná ṣì ń tàn. Gbogbo èrò ń wo bí ó ṣe sá pamọ́. Ó na ọwọ́ síwájú láti pa á, ó tẹ ohun tí kò yẹ, ohun tó ń nu òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì iwájú. Ó tẹ òmíràn, fèrè dún méjì, ti àgbà. Ó tẹ ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ bú jáde láti orí mọ́tò, ó rinlẹ̀ dé òpin àdúgbò: "Saifudeen! Saifudeen o! Níbo ni wọ́n ti ń pa nǹkan yìí? Mo ti dáràn! Saifudeen!"

Saifudeen wà láàárín èrò. Àlùwàlá ṣì tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó wo apá ibòmíràn, kò sì dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Obìnrin kan kọjá láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó dé ẹ̀gbẹ́ jíìpù, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kan gíláàsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ojú ara rẹ̀ ló rí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ọnọ́rébù," ni Ìyá Dámisí wí. "Ẹ dákun sà, bí ìwádìí bá ti parí, kúlà mi ni mo wá gbà."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Kúlà búlúù jáde, òfìfo. Obìnrin náà gbà á, ó ní ẹ ṣeun sà, ó sì gbé e rù. Bí ó ṣe ń lọ ni ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ kán lé e.

Baba Ìmáàmù gbé láwàní lọ sílé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìjọba ní àwọn fẹ́ tún Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe náà tò, nígbà tí wọ́n sì tò ó tán, kò sí Oyèlékè nínú rẹ̀. Wọ́n gba jíìpù. Israfil rí ọ̀gá mìíràn, ó sì ti ń sọ lórí rédíò pé oòrùn ojú ọ̀gá tuntun náà kò nílò tíńtẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹgbẹ́ tó dárúkọ alága káńsù létí Ọnọ́rébù mọ́. Ibikíbi tó bá kọjá, àwọn èèyàn ń kí i dáadáa, wọn kò sì bú u: "Á gba ibi ire o!"

Ohun tí ẹ ò ní gbà gbọ́ ni pé ó gba ààwẹ̀ tó kù nínú oṣù náà. Mo ní ó gbà á, láti sààrì dé ìṣínu, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ní ọjọ́kanrí, ó wọ kẹ̀kẹ́ láti ibùdókọ̀ lọ sí Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́. Atẹ́gùn àti oòrùn ń lù ú lọ́tùn-ún lósì, nítorí kẹ̀kẹ́ kò ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ètè rẹ̀ ti là, ikùn rẹ̀ ń kùn, orí ń fọ́ ọ. Obìnrin kan jókòó tì í, ó gbé ọ̀rá àkàrà lé ẹsẹ̀, èyí tó fẹ́ lọ fi ṣínu.

"Mo ń gbààwẹ̀ o," ni Ọnọ́rébù wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi í.

Obìnrin náà rọra mi orí.

"Lóòótọ́ ni mo wí. Tòótọ́-tòótọ́."

Ọnọ́rébù wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó wá ṣe ohun tí àwọn ọmọ kéékèèké máa ń ṣe fún ìyá wọn lọ́sàn-án Rámádáànì. Ó la ẹnu, ó yọ ahọ́n síta gbọọrọ, ahọ́n funfun, gbígbẹ, ti aláàwẹ̀ pọ́ńbélé, kí obìnrin náà lè wò ó.

Obìnrin náà wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀rá àkàrà rẹ̀ kúrò lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sí apá kejì.